Ẹ Bi Bàbá Onímọ́tò: Bọ́ọ̀sì Tí Àna Fẹ́ Sọ Di Ilé

Lẹ́tà oṣù yìí pọ̀, àmọ́ mẹ́ta nínú wọn forí lé ibì kan náà, mo bá kó wọn pọ̀. Ẹni tó bi mí nípa gíá Peugeot 504, ẹ fara balẹ̀, tiyín ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀. Ọ̀rọ̀ gíá kì í ṣe ohun tí à ń fi ìkánjú sọ.

ÌBÉÈRÈ: Bàbá Onímọ́tò, ọ̀kun o. Kábà níbí ni mo ń gbé. Ọmọ mi obìnrin àti ọkọ rẹ̀ ń bọ̀ láti ìlú ọba fún Kérésì, pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta. Lọ́hùn-ún, tó bá di ìgbà tí oòrùn ń ràn, wọ́n máa ń so kàráfáànì, ilé kékeré onítáyà tí mọ́tò ń fà, mọ́ ẹ̀yìn mọ́tò, wọ́n á gba etí òkun Devon àti Cornwall lọ, wọ́n á máa sùn ní Dartmouth, ní Fowey, ní Looe, àwọn ìlú tí odò ti ń wọ òkun. Ọkọ ọmọ mi wá ní irú rẹ̀ la máa ṣe nílé: ká ra bọ́ọ̀sì Hiace, ká yọ àga rẹ̀, ká tẹ́ bẹ́ẹ̀dì sí i, ká gba etí òkun láti Badagry dé Calabar, ká máa yà sí àwọn ìlú etí odò. Bàbá àwọn ọmọ ti ní kí wọ́n má ka òun mọ́ ọn. Èmi fẹ́ lọ, àmọ́ mi ò fẹ́ kí ojú tì mí lọ́wọ́ àna mi. Ṣé ó ṣeé ṣe? Ibo la lè yà sí? — Ìyá Àgbà, Kábà.

ÌDÁHÙN: Ọ̀kun o, Ìyá Àgbà. Ẹ bá mi kí Bàbá. Kì í ṣe ojo ni wọ́n, wọ́n ti rin ọ̀nà ni.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yọ Calabar kúrò níbẹ̀. Kò tíì sí títì tó gba etí òkun láti Badagry dé ọ̀hún. Ìjọba bẹ̀rẹ̀ ọ̀kan láti Èkó lọ́dún 2024, wọ́n ní yóò gùn tó kìlómítà 700, apá kìíní tó wà ní Èkó nìkan jẹ́ kìlómítà 47. Iṣẹ́ ṣì wà nílẹ̀ púpọ̀. Títí tí wọ́n á fi parí rẹ̀, ẹni tó bá wakọ̀ láti Èkó lọ sí Calabar, Ọ̀rẹ̀, Benin, Asaba, Onitsha àti Aba ni yóò gbà, kò sì ní fojú kan òkun. Láti ilẹ̀ Ìlàjẹ lọ sí ìhà Delta, ẹrẹ̀ àti ọ̀sà àti igbó ẹ̀gbà ló wà níbẹ̀. Omi ni títì àwọn ará ibẹ̀, ọkọ̀ ojú omi ni danfó wọn. Àpáta ni etí òkun Cornwall, ilẹ̀ líle tó dúró sójú kan. Tiwa rọ̀, omi sì ń gba ibì kan lónìí, ó ń kó yanrìn síbòmíràn lọ́la.

Ohun kejì ni èyí tí àna yín kò rò, torí ó ti mọ́ ọn lára. Kì í ṣe kàráfáànì ló ń jẹ́ kí ìrìn àjò wọn gún, ilẹ̀ tí wọ́n ń gbé e sí lálẹ́ ni. Nílùú ọba, wọ́n ní pápá fún un. Ẹ ó sanwó, wọ́n á fi àyè yín hàn yín, òpó kékeré kan á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ tí ẹ ó ki wáyà iná bọ̀, ẹ̀rọ omi á wà, ilé ìwẹ̀ á wà, ibi tí wọ́n ń da ohun tó wà nínú ṣáláńgá kékeré inú kàráfáànì sí á wà lọ́tọ̀. Òfin tilẹ̀ sọ bí ẹni tó ń fà á ṣe lè sáré tó: máìlì 50 ní wákàtí kan lójú títì tí wọn ò pín láàárín, 60 lójú títì tí wọ́n pín. Ẹ wá gbé irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ dé Kábà. Níbo lẹ ó ti ki wáyà iná bọ̀? Ta ló máa ṣọ́ yín lálẹ́? Tó bá di àárọ̀ ọjọ́ kejì, níbo ni àna yín máa da ìgbẹ́ sí ní Lọ́kọ́ja, lójú àwọn ènìyàn?

Nítorí náà, tẹ́ẹ bá fẹ́ gba tèmi, ẹ jẹ́ kí bọ́ọ̀sì náà gbé yín, kí ó gbé ìkòkò yín, kí àwọn ọmọ sì na ara lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ lọ́sàn-án. Lálẹ́, ẹ sùn lábẹ́ òrùlé, nínú ọgbà tó ní géètì tó ṣeé tì: ilé àlejò ìjọ, hòtẹ́ẹ̀lì tó ní ọgbà, tàbí ilé ẹbí. Ọmọ Ọ̀kun wo ni kò ní ẹbí ní Lọ́kọ́ja?

Ẹ sì fi odò rọ́pò òkun. Odò Ọya ń bẹ lẹ́yìnkùlé wa, ìgbà tí a bá ń sáré lọ sí Àbújá nìkan la máa ń kọjá lórí rẹ̀, a ò ní í wò ó. Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún àna yín kó má retí pé òun á máa wo omi lójú fèrèsé láti àárọ̀ dalẹ́. Títì tiwa kì í bá odò rìn. Á kàn án níbì kan, á tún sá fún un. Ibi tí ó bá ti kàn án ni kẹ́ẹ sọ̀kalẹ̀, kẹ́ẹ sì pẹ́ níbẹ̀.

Láti Kábà, ẹ gba Ọbajánà. Títì kọnkéré kìlómítà 43 tí ilé iṣẹ́ Dangote ṣe ni ẹ ó kọ́kọ́ gùn, kò ní kòtò, ìyẹn gan-an ló léwu níbẹ̀, torí ó ń wu ẹsẹ̀ láti sáré. Tírélà sìmẹ́ńtì ló ni ọ̀nà yẹn. Ẹ má bá wọn du ohunkóhun. Tí tírélà bá ń sọ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ bọ̀ lẹ́yìn yín pẹ̀lú ẹrù, ẹ bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kó kọjá. Bíréèkì tirẹ̀ kò lè ṣe ohun tí tiyín lè ṣe.

Lọ́kọ́ja ni kẹ́ẹ ti sùn ju ọjọ́ kan lọ. Ẹ gun òkè Patti. Ọ̀dà wà lójú ọ̀nà rẹ̀, bọ́ọ̀sì lè dé orí rẹ̀, àmọ́ gíá kékeré ni kẹ́ẹ fi gùn ún, gíá kékeré náà ni kẹ́ẹ fi sọ̀. Ẹni tó bá tẹ bíréèkì láti òkè dé ìsàlẹ̀, òórùn ló máa kọ́kọ́ gbọ́, lẹ́yìn náà bíréèkì ò ní í gbọ́ tirẹ̀ mọ́. Tí ọyẹ́ bá mú, ẹ má lọ ní kùtùkùtù, ẹ ò ní rí nǹkan kan ju funfun lọ. Ẹ dúró kí oòrùn ga díẹ̀. Tójú ọjọ́ bá mọ́, ẹ ó rí Ọya tó ń bọ̀ láti òkè, ẹ ó rí Bẹ́núé tó ń bọ̀ láti ìlà oòrùn, ẹ ó sì rí i pé àwọ̀ wọn ò dọ́gba níbi tí wọ́n ti pàdé: ọ̀kan pọ́n bí ẹrẹ̀, ìkejì mọ́ jù ú lọ, wọ́n á jọ máa sàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kí wọ́n tó lú pọ̀.

Igi osè ńlá kan wà lórí òkè náà, ilé ìsinmi Lugard wà níbẹ̀. Ọmọkùnrin kan máa wá bá yín, á ní ibí yìí ni Flora Shaw jókòó sí tó fi wo odò tó sì sọ ilẹ̀ wa ní Nàìjíríà. Ìwé ìròyìn The Times ti London ni obìnrin náà kọ orúkọ yẹn sí, ní oṣù kìíní ọdún 1897. Ọdún 1902 ló tó fẹ́ Lugard. Ẹ má bá ọmọ náà jiyàn, iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe, ẹ fún un lówó rẹ̀. Ohun tó dájú ni pé ní Lọ́kọ́ja ni Lugard ti ta àsíá àwọn Gẹ̀ẹ́sì lórí ilẹ̀ Àríwá ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1900. Kí àwọn ọmọ mọ ìyẹn.

Èyí tó wù mí jù ní Lọ́kọ́ja wà nísàlẹ̀, àwọn èèyàn kì í sì yà síbẹ̀: ilé ẹ̀kọ́ Holy Trinity tí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther dá sílẹ̀ lọ́dún 1865. Irin méjì wà níbẹ̀ tí wọ́n rì mọ́lẹ̀. Ìtàn ní ẹrú tó bá ti gba àárín rẹ̀ kọjá ti kúrò lẹ́rú. Ẹ rántí pé Àjàyí fúnra rẹ̀, wọ́n ti tà á rí. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ ọmọ yín gba àárín irin náà kọjá, kẹ́ẹ wá sọ ìtàn ọ̀hún fún wọn ní èdè wa, kì í ṣe ní Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n á gbọ́.

Nírọ̀lẹ́, ẹ lọ jẹ ẹja létí odò. Ẹ yan èyí tó ṣì ń jà nínú abọ́ omi, kẹ́ẹ sì dúró tì í títí wọ́n á fi lé e síná, nítorí ẹja máa ń pààrọ̀ ara rẹ̀ lójú ọ̀nà ilé ìdáná. Ẹ bèèrè bóyá ti odò ni tàbí ti ọ̀sìn. Àrọ̀ tí wọ́n fi oúnjẹ àpò bọ́ máa ń sanra, orí rẹ̀ á tóbi, ọ̀rá rẹ̀ á máa kán síná. Ti odò máa ń gùn tẹ́ẹ́rẹ́, ẹran rẹ̀ sì le díẹ̀ lẹ́nu. Owó tiwọn ò dọ́gba, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀.

Tí àwọn ọmọ bá fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú omi, èyí tó ń lọ sí Shintaku ní òdìkejì ti tó wọn. Láìfù jákẹ́ẹ̀tì kẹ́ẹ tó fẹsẹ̀ kan ọkọ̀, kì í ṣe ìgbà tó bá ti ṣíkọ̀. Tí ẹ bá rí i pé wọ́n ń kó èrò kún un ju bó ṣe yẹ lọ, tàbí tí ọ̀kadà ń wọlé tọ̀ yín, ẹ sọ̀kalẹ̀. Owó ọkọ̀ tó bá ṣòfò ò tó nǹkan.

Kérésì tí ẹ mú dára. Oṣù kẹsàn-án sí oṣù kẹwàá ni Ọya máa ń kún jù. Ẹ ò tíì gbàgbé 2012, ẹ ò sì tíì gbàgbé 2022 tí omi bo títì Lọ́kọ́ja sí Àbújá, tí èrò àti ẹran àti tòmátì jọ sùn sójú ọ̀nà. Tó bá di Kérésì, omi ti fà, yanrìn ti yọ láàárín odò.

Láti Lọ́kọ́ja, ẹ gba Ajaokuta. Ẹ má pẹ́ níbẹ̀. Ẹ fi ilé iṣẹ́ irin tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1979 han àwọn ọmọ láti òkèèrè, kí ẹ sọdá afárá Itobe. Odò fẹ̀ níbẹ̀, ó dùn ún wò. Ẹ dúró ní òdìkejì, kì í ṣe lórí afárá. Láti ibẹ̀ ẹ dorí kọ Idah. Ìlú Attah, ọba àwọn Igala, nìyẹn, orí òkè ló wà, odò wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ẹ bèèrè ère Inikpi létí ọjà Ega. Ọmọ ọba ni, ìtàn wọn ní ó gbà kí wọ́n sin òun láàyè kí ogun má bàa kó ìlú. Ẹni tó bá mọ ìtàn Mọ́remí àti Olúorogbo á dákẹ́ díẹ̀ níbẹ̀. Agenebode ni ẹ ń wò yẹn ní òdìkejì omi. Kí ẹ wá yí padà sílé láti Idah. Ẹ má jẹ́ kí àna yín fi Onitsha kún un.

Èyí tó kù ni ọ̀rọ̀ tí Bàbá ń bẹ̀rù. Ajínigbé wà lójú ọ̀nà wa, kò sí ìdí tí màá fi bò ó. Kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù, kí ẹ ti wọ ọgbà. Lárààárọ̀ kẹ́ẹ tó ṣí, kí ẹnì kan lọ sí gáréèjì, kó má bi àwọn dẹ́rẹ́bà tó ń lọ, kó bi àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ibi tí ẹ ń lọ. Ẹni tó ń wá èrò kò ní sọ fún yín pé ọ̀nà ò dáa. Kí ẹnikẹ́ni má gbé fọ́tò sórí Facebook títí ẹ ó fi délé. Níbi tí sójà bá ti dá yín dúró, kí àna yín fi kámẹ́rà sínú báàgì, kó bọ́ awòjú dúdú, kó jẹ́ kí ìyàwó rẹ̀ kí wọn. Ẹ wá ọmọ ìlú kan tó mọ ọ̀nà kó wa yín. Ẹni tó ti ń wakọ̀ lọ́wọ́ òsì láti ọdún yìí wá, ọjọ́ tó dé kọ́ ló máa kọ́ bí a ṣe ń yẹ kòtò.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá. Èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi ti ra bọ́ọ̀sì tòkunbọ̀, a ti ṣe bẹ́ẹ̀dì mẹ́rin sí i, a ní jẹnẹrétọ̀ kékeré àti sítófù gáàsì. Wẹ́dà ti ṣe ibi tí a ó gbé dúrọ́ọ̀mù omi sí lórí rẹ̀. Kí ló kù? — Ọmọ Mọ̀pà.

ÌDÁHÙN: Ẹ̀mí yín ló kù, ọmọ mi. Ẹ gbé dúrọ́ọ̀mù yẹn sọ̀kalẹ̀. Lítà omi kan, kílò kan ni. Dúrọ́ọ̀mù tó gba lítà 200 tó kún, àgbàlagbà bíi mẹ́ta ló jókòó sórí ọkọ̀ yẹn, ẹ ó sì wá fi yẹ kòtò lójijì. Ohun tó bá wúwo, ilẹ̀ ọkọ̀ ni, láàárín. Kẹ́ẹ̀gì kéékèèké dáa ju dúrọ́ọ̀mù lọ.

Jẹnẹrétọ̀ ò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀, kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ibi tí ènìyàn ń sùn sí. Ohun kan wà nínú èéfín rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní kábọ́ọ̀nù mònókísáìdì, imú kì í gbọ́ òórùn rẹ̀, ojú kì í rí i. Àyè tó yẹ kí afẹ́fẹ́ rere gbà nínú ẹ̀jẹ̀ ló máa ń gbà. Ẹni tó ń sùn kò ní mọ̀ rárá. Èédú inú àdògán náà ní i, ẹ má gbé e wọlé torí pé ọyẹ́ mú. Gáàsì, ìta ni kẹ́ẹ ti dáná, kẹ́ẹ sì ti sílíńdà pa kẹ́ẹ tó gbéra.

Táyà wá. Ẹ bẹ̀rẹ̀, kẹ́ẹ wá lẹ́tà DOT lára rẹ̀. Nọ́ńbà mẹ́rin ló máa ń parí rẹ̀: méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀, méjì ìkẹyìn ni ọdún. Tẹ́ẹ bá rí 2319, ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Tẹ́ ò bá rí mẹ́rin náà lápá kan, ẹ wo apá kejì táyà kan náà. Àwọn tó ń ta tòkunbọ̀ máa ń fi nǹkan pa á kó máa dán, ẹ̀yìn rẹ̀ á dúdú kirikiri, ọdún inú rẹ̀ á sì ti pé mẹ́wàá. Èmi ò ní fi èyí tó ju ọdún mẹ́fà lọ sí iwájú ọkọ̀ tó kó ènìyàn, bó ti wù kí ojú rẹ̀ mọ́ tó. Láàárọ̀, kí ọkọ̀ tó rìn, ni kẹ́ẹ ti wọn afẹ́fẹ́ rẹ̀. Tó bá ti gbóná, irọ́ ló máa pa fún yín. Èyí tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kéré tí ẹrù sì wà lórí rẹ̀ ló ń bẹ́ lọ́sàn-án gangan, kì í ṣe ayé ló ń ṣe é.

ÌBÉÈRÈ: Bàbá, mo ń kọ́ ọmọ ní Ìyàrá. Ìyá mi ti lé ní ọgọ́rin ọdún, wọn ò rí òkun rí. Wọ́n ní àwọn fẹ́ rí i kí àwọn tó lọ. Ọ̀nà wo ló sún mọ́ wa, tí kò ní gba Èkó? — Tíṣà, Ìyàrá.

ÌDÁHÙN: Ìgbókòdá, nílẹ̀ Ìlàjẹ. Ẹ gba Ìyàmoyè wọ Ọ̀mùò, kẹ́ẹ dé Adó-Èkìtì àti Àkúrẹ́, kẹ́ẹ sùn níbẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, Oǹdó, Ọ̀rẹ̀, Òkìtìpupa, Ìgbókòdá. Ibẹ̀ ni títì ti bá omi. Ẹ ó rí ọjà, ẹ ó rí èbúté, ọkọ̀ ojú omi ló sì ń gbé ènìyàn láti ibẹ̀ lọ sí àwọn ìlú tó wà létí òkun gan-an. Ayétòrò wà lára wọn, ìlú tí àwọn onígbàgbọ́ dá sílẹ̀ lọ́dún 1947. Òkun ti jẹ púpọ̀ nínú rẹ̀, ilé àti títì ti wọ omi. Ẹ ó gbọ́ èdè wọn díẹ̀díẹ̀, wọ́n á gbọ́ tiyín díẹ̀díẹ̀, ẹ ó sì jọ rẹ́rìn-ín.

Tí ọkọ̀ ojú omi bá máa ni Màmá lára, ẹ forí ti Èkó, kẹ́ẹ gbé wọn lọ sí Badagry. Títì dé ibẹ̀, ilé alájà àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ́ ní 1845 ṣì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ibẹ̀ ni àwọn Lander, òyìnbó arìnrìn-àjò méjì, tẹ̀gbọ́n tàbúrò, ti gbéra lọ́dún 1830. Wọ́n gba orí ilẹ̀ lọ sí Bussa, wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi, wọ́n gba iwájú ibi tó di Lọ́kọ́ja lónìí kọjá, wọ́n sì bá Ọya yọ sí òkun ní Brass. Omi tí Màmá máa fọwọ́ kàn, ti Ọya wa wà nínú rẹ̀.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wẹ̀ níbẹ̀, àwọn ọmọ ní pàtàkì. Òkun tiwa máa ń fa ẹsẹ̀ ènìyàn lábẹ́, kódà níbi tí omi ò ti ju orúnkún lọ. Kí Màmá jókòó sórí àga, ní ibi tí omi ń dé díẹ̀ tó sì ń padà, kí ẹnì kan di ẹ̀yìn àga mú. Nínú ọkọ̀, iwájú ni kí wọ́n jókòó sí, kì í ṣe orí táyà ẹ̀yìn, kẹ́ẹ sì máa dúró ní wákàtí méjì méjì kí wọ́n sọ̀kalẹ̀ na ẹsẹ̀. Ẹ mú oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn dání, tí wọ́n bá ń lò ó, nínú báàgì ọwọ́, kì í ṣe nínú búùtù.